Sálúbàtà Onígegele

Ẹ ń bi mí bóyá ó tura.
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kan ilẹ̀kùn:
kúlà oògùn àjẹsára léjìká ọ̀tún,
ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òsì,
láti Bẹẹrẹ dé Òkè Àrẹ̀mọ, láti Yemẹtu sọ̀ sí Ọ̀jẹ́,
ẹ̀kán méjì lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan
kí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ má baà rí ilé wọn wọ̀.
Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́jú.
Ta ní ń tọ́jú tèmi?

Ìbàdàn kò mọ ohun tó ń jẹ́ pẹrẹsẹ.
O gun òkè kan tán, òmíràn ti ń retí rẹ,
àgbàrá ti ha ilẹ̀ títí ó fi ku eyín àpáta.
Sìlípáàsì tí mo ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, owó ẹ̀wà ni mo fi rà á;
ó fẹ́lẹ́ débi pé bí mo bá tẹ ẹyọ ìrẹsì mọ́lẹ̀
mo lè sọ fún ọ bóyá ó ti jinná.

Àárọ̀ ló burú jù.
Kí n tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì
mo ti ń bẹ gìgísẹ̀ bí ẹni ń bẹ àna.

Ìgbà náà ni Moróunkẹ́jì àbúrò mi fi èyí ránṣẹ́.
Mo tú páálí. Mo wò ó.
Bàtà rèé àbí ọkọ̀ ojú omi?
Gegele láàárín, kòtò fún gìgísẹ̀,
ebè kékeré kan níwájú tí ọmọ ìka yóò dì mú.
Ọkọ mi ní, "Ta ló gbẹ́ Ìbàdàn sínú bàtà?"

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí n má parọ́, ìyà ni.
Ó dà bí ẹni tẹ òkèlè ẹ̀bà àná mọ́lẹ̀.
Awọ rẹ̀ bó mi lórí ẹsẹ̀.
Sídíkátù tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí kúlà fi fẹ́ẹ̀ bọ́:
"Fadérera, ṣé ti bàbá onílé yín lo gbé wọ̀?"
Mo tì í sábẹ́ àga.
Ní ọjọ́ kẹta gìgísẹ̀ kígbe, mo fà á jáde.

Múfútàù tó ń ránbàtà nísàlẹ̀ Mápó
gbé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ra ẹja.
"Ìyá, ẹ má wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.
Wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la.
Ẹsẹ̀ yín ń kọ́ ọ, òun náà ń kọ́ ẹsẹ̀ yín.
Ẹ ṣáà má jẹ́ kó mumi: èèpo igi ló wà nínú rẹ̀."
Ó lu ihò kan kún ti okùn rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí oṣù fi lé,
mo ti dé orí Òkè Àrẹ̀mọ kí n tó rántí pé mo ní ẹsẹ̀.
Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní ìtura nìyẹn?
Kì í ṣe pé ó dùn.
Ó dákẹ́ ni.

Ó ní àléébù o.
Ó wúwo. Òun àti ìró kì í ṣọ̀rẹ́.
Bí òjò bá sì ṣú, màá bọ́ ọ sínú ọ̀rá,
màá fẹsẹ̀ lásán rìn, bàtà lábíyá,
bí ìyá mi tí ń bọ̀ láti Lálúpọn,
bàtà lórí ẹrù èédú títí dé Ìwó Ròòdù
kó tó fi wọ̀lú.
Bàtà fún ojú ayé, ẹsẹ̀ fún ọ̀nà.

Lánàá mo sá a sóòrùn lẹ́nu ọ̀nà.
Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti di àwòrán sínú rẹ̀:
ìka márùn-ún, dúdú,
àtàǹpàkò tó fara ti èkejì rẹ̀ bí ẹni ó ti rẹ̀.
Ti ìyá mi ni.
Mi ò gbé e kúrò níbẹ̀
títí oòrùn fi wọ̀.